Àgbàdo Àlejò Pàtàkì Ló Pa Olùkọ́ Orin Wa

Folúṣadé Adégbọlá kú ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Kaduna. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la sin ín. Ìwé tí wọ́n fún ọkọ rẹ̀ sọ pé ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ta ló kú rí tí ọkàn rẹ̀ kò dáṣẹ́ sílẹ̀? Ẹni tí wọ́n yìnbọn fún, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó kó sódò, ọkàn tiẹ̀ náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mò ń bèèrè ni ohun tó dé bá ọkàn obìnrin tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú, tó ń kọrin lọ, tí wọ́n sì ti fi aṣọ bò lójú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Mi ò tíì sunkún. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń retí ẹkún nínú ọ̀rọ̀ yìí má bàa dúró lásán. Ara mi kú ni. Mo lọ sí ilé ọ̀fọ̀ ní Kabala Costain, mo jókòó sórí àga oníke, wọ́n gbé mínírà fún mi, mo mu ún tán, mi ò lè sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Àwọn obìnrin ìjọ wa ń kọrin, mo kàn ń wò wọ́n lẹ́nu. Ẹnìkan dì mọ́ mi, mi ò mọ ẹni náà títí di ìsinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín, nítorí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí Àjọ Ọjọ́ Ọ̀la Èwe ń bójú tó ní Barnawa. Kíláàsì kìíní ló ń kọ́: ìṣirò, ìwé kíkà, fọwọ́ rẹ kí o tó jẹun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Ọjọ́rú, tí àwọn olùkọ́ yòókù bá ti gbé báàgì wọn kọ́pá lọ sílé, Folúṣadé á kó àwọn ọmọ tí òbí wọn bá gbà wọ yàrá kan lẹ́yìn kíláàsì, á sì máa fi ìtàn mú wọn mọ àwọn ohun èlò orin ọ̀kẹ́sítírà. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe é náà, títí ó fi kú.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà ní Barnawa fẹ́ fi ọ̀kẹ́sítírà ṣe. Ọ̀gá iléèwé rẹ̀ náà bi í bẹ́ẹ̀ lójú mi. Folúṣadé kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Sà, ṣé ẹ mọ èyí tó máa di nǹkan nínú wọn? Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ń kọ́ gbogbo wọn nìyẹn." Ọ̀gá iléèwé rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Fáólì tó ń lò, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń gbé sábẹ́ àgbọ̀n ta, ti bàbá rẹ̀ ni, akọ̀wé rélùwéè tó máa ń ta á nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnikẹ́ni tó gbé gìtá wọ ibẹ̀. Ó ní fèrè kan. Ó ní trọ́mpẹ́ẹ̀tì kan tó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sì ní ṣẹ́lò, fáólì ńlá tí wọ́n máa ń gbé sáàárín orúnkún, tí ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Ajíhìnrere òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un. Àwọn ohun èlò tí kò ní, ó gba ohùn wọn sínú fóònù, ó sì so fóònù náà mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré kan tí ọmọ rẹ̀ ti pa tì.

Mo bá wọn jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ta aṣọ ìkélé sí igun yàrá, gbogbo ohun èlò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ rí ohun èlò kó tó gbọ́ ọ. Ó ní tójú bá kọ́kọ́ rí i, etí á fọwọ́ lẹ́rán, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn, ó sì ti fèrèsé pátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Barnawa mọ ìdí rẹ̀: kẹ̀kẹ́ ń pariwo níwájú, ẹ̀rọ ìlọta ń pariwo lẹ́yìn, àwọn kan sì ń dán ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣọ́ọ̀ṣì wò lápá ọ̀tún. Ó ní kí àwọn ọmọ dákẹ́ títí wọ́n á fi gbọ́ èémí ara wọn. Ooru mú, òógùn bò wá, kò sẹ́ni tó mira.

"Ilé kan wà," ó ní, "yàrá kọjú sí yàrá, balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Bàbá onílé ló máa ń kọ́kọ́ jí. Kó tó sọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń húkọ́." Ó húkọ́ bí arúgbó, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó wá bọ́ sẹ́yìn aṣọ. Ohùn ṣẹ́lò jáde, ó nípọn, ó ń falẹ̀.

"Wanene?" Ó ń bi wọ́n pé ta ni, lédè Hausa tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣeré.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Táyéwò nawọ́. "Baba ne, Àǹtí! Bàbá onílé ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ya gaji. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí fáólì dún, ọmọ mìíràn pariwo pé goge ni, nítorí ó ti gbọ́ goge àwọn Hausa níbi ìgbéyàwó. Folúṣadé ní kò burú, ó ní àbúrò goge tó lọ sókè òkun ni. Fèrè ni ìyàwó tuntun, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ará ilé má bàa gbọ́. Trọ́mpẹ́ẹ̀tì ni àna tó dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí ìtàn tó parí, ó tan ẹ̀rọ, ọ̀kẹ́sítírà odindi dún, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sì ń fi ìka tọ́ka sínú afẹ́fẹ́: ìyàwó rèé, àna rèé, bàbá onílé ti ń bínú. Èmi tí mo ti ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ariwo kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ èèyàn nínú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àgbàdo.

Ní sáà kìíní, ọkọ̀ akẹ́rù kan já àpò àgbàdo sí iléèwé náà. Oúnjẹ àwọn ọmọ ni. Wọ́n á fi po ògì láàárọ̀, wọ́n á fi ro tuwo lọ́sàn-án. Ẹ̀bùn àwọn olóore ni. Ṣé wọ́n sè é? Wọn ò sè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé orílẹ̀-èdè yìí pẹ́ ti mọ ìdí rẹ̀: wọn ò tíì ṣe ìfilọ́lẹ̀. Oúnjẹ tí wọn ò bá tíì ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀, oúnjẹ kọ́, ọ̀ṣọ́ ni. Àlejò pàtàkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá, kó já ribọ́n, kó fi ṣíbí bu oúnjẹ sínú abọ́ ọmọ kan, kí wọ́n ya fọ́tò. Àlejò pàtàkì rìnrìn àjò. Ó dé, ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó. Ìgbéyàwó tán, ìlú ò rọgbọ, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Sáà kìíní kọjá, sáà kejì kọjá, àwọn ọmọ ń fi ebi kàwé, oúnjẹ wọn sì wà nítòsí wọn lábẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Kòkòrò ní tiẹ̀ kò mọ àlejò pàtàkì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo náà láìjá ribọ́n kankan.

Àjọ ní kí wọ́n kun ilé ìkẹ́rùsí lọ́dà kó lè dáa lójú àlejò. Nítorí náà, wọ́n kó àwọn àpò yẹn wá sí yàrá tó fẹ̀gbẹ́ kan yàrá orin. Pákó ló là wọ́n láàárín, pákó ọ̀hún kò sì kan àjà. Ẹnìkan wá, ó kó òògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú ọkà sáàárín àwọn àpò náà. Òògùn yìí máa ń tú èéfín tí ojú kò rí, tí omi bá sì kàn án, èéfín náà á pọ̀ sí i. Àwọn tó ń ta ọkà ní Tudun Wada mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ sùn níbi tó bá wà. Òrùlé yàrá náà ń jò. Oṣù keje la sì wà, òjò ń rọ̀.

Zubair ni ẹ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ iléèwé náà, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kaduna. Mo lọ bá a lẹ́nu géètì lọ́jọ́ tí wọ́n sin Folúṣadé. Ó ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wallahi, mo sọ fún wọn," ó ní. "Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń gbọ́ òórùn yẹn. Mo lọ bá ọ̀gá iléèwé. Ó pe Àjọ lórí fóònù níwájú mi. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n ní òògùn lásán ni, òórùn ẹ̀ máa lọ."

"Ṣé o sọ fún olùkọ́ orin?"

Ó dúró, ó fi ọwọ́ ti ìgbálẹ̀. "Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní táwọn òbí bá gbọ́, wọ́n á pariwo, bí wọ́n bá pariwo, àlejò ò ní wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n, mo ní ọmọ mẹ́rin. Allah ya jiƙanta. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

Mi ò bínú sí Zubair. Ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ wọ́n lójú, wọ́n sì fi oúnjẹ ẹnu rẹ̀ dẹ́rù bà á. Inú ń bí mi sí ẹni tó wà lẹ́nu fóònù kejì. Ta ni? Ó ní orúkọ. Ó ní tábìlì tó ń jókòó ti. Bóyá ó tilẹ̀ wà níbi ìsìnkú, ó wọ agbádá, ó sì ń fi áńkáṣíìfù nu ojú.

Bí Ọjọ́rú náà ṣe lọ, Hàjàrá ló sọ fún mi, ìyá Táyéwò, tó ń ránṣọ ní Tudun Wada. Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún òun náà. Folúṣadé ti kọ́kọ́ wọ yàrá náà lóun nìkan bó ṣe máa ń ṣe, ó ti gbogbo ojú fèrèsé, ó ń tún okùn fáólì àti ti ṣẹ́lò ṣe, nítorí ọ̀rinrin máa ń tú wọn. Ibẹ̀ ló wà títí tí àwọn ọmọ fi kẹ́kọ̀ọ́ tán tí wọ́n wá bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

"Bọ̀dá," Hàjàrá ní, "Táyéwò ní Àǹtí ń húkọ́, àwọn ń rẹ́rìn-ín. Ó húkọ́ títí, ó di àyà mú, àwọn tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé bàbá onílé ló ń ṣe."

Ó fa aṣọ tó ń rán lé ojú. Èmi jókòó, mò ń wo kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ṣe nǹkan kan, kí n pè é lórúkọ, kí n ní kó má sunkún mọ́. Mi ò ṣe é.

Ìgbà tí Táyéwò bì ni Folúṣadé tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá òun nìkan. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó kó gbogbo wọn jáde, ó tò wọ́n sábẹ́ ibòji igi dárà tó wà lágbàlá. Lẹ́yìn náà ló tún padà wọlé lọ wo ẹ̀yìn aṣọ ìkélé bóyá ọmọ kan ṣì fara pa mọ́ síbẹ̀, torí àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn láti yọ́ lọ wo ohun tó ń dún. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tó jáde, Zubair ló dì í mú kó má ṣubú.

Stephen ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni Stephen. Kò lè pariwo mọ́ọ̀yàn. "Wọ́n ní ibà ni," ó sọ fún mi. "Wọ́n fi omi sí i lára. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé òórùn kan wà lára aṣọ rẹ̀, bí òórùn ẹja tó ti bàjẹ́, mo ní kí wọ́n bèèrè ohun tó fà símú. Nọ́ọ̀sì ní àwọn aláìsàn ti pọ̀ jù, kí n jáde kí àwọn lè ráàyè ṣiṣẹ́." Ó jáde. Ọmọlúàbí ni. Nígbà tí wọ́n tún pè é wọlé, wọ́n ti pa ojú ìyàwó rẹ̀ dé.

Àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá yẹn ń kọ́? Ta ló ti yẹ̀ wọ́n wò? Hàjàrá fi owó ara rẹ̀ gbé Táyéwò lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn òbí yòókù, púpọ̀ nínú wọn, àgbo ibà ni wọ́n fún ọmọ wọn mu, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé májèlé ni. Àjọ tó ń jẹ́ Ọjọ́ Ọ̀la Èwe kò ránṣẹ́ sí èwe kankan.

Ṣùgbọ́n wọ́n ránṣẹ́ síbi ìsìnkú. Ọ̀gbẹ́ni Dominic, agbẹnusọ wọn, dìde, ó gbọn aṣọ, ó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó pe Folúṣadé ní akínkanjú olùkọ́ eré ìdárayá. Eré ìdárayá! Obìnrin tí kò sáré rí, àyàfi lọ́jọ́ tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ jáde kúrò nínú èéfín yín. Mo wo ojú Stephen. Kò gbójú sókè.

Nígbà tí a kúrò ní itẹ́ òkú, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Dominic. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ òògùn inú àgbàdo. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí òkú sinmi. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Mo ní ta ló kó òògùn síbẹ̀.

"Ẹ wò ó, ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Orin ò sí lórí táìmùtébù. Lágogo yẹn, iṣẹ́ ti parí. A ò lè sọ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àánú ìdílé ẹ̀ ló jẹ́ ká wá."

Ẹ ṣeun o, aláàánú. Ká ní ìyàwó Stephen jókòó sílé tó ń sùn lọ́sàn-án, ì bá wà láàyè lónìí. Ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn, ó ṣiṣẹ́ kọjá àkókò.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yìí ló sì dùn mí jù, bí nǹkan bá lè dùn mí lásìkò yìí. Ìjọ tiwa náà kò gbẹ́yìn. Olúwa fún ni, Olúwa gbà lọ. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń mi orí. Ẹ̀yin ará, ẹ má gbé ẹrù yìí lé Ọlọ́run lórí. Ọlọ́run kọ́ ló ti àgbàdo mọ́lé kó máa dúró de ọkùnrin kan tí yóò ya fọ́tò. Ọlọ́run kọ́ ló gbé òògùn kòkòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ ń jókòó. Ọlọ́run kọ́ ló sì di Zubair lẹ́nu. Èèyàn ni, Ọlọ́run sì mọ̀ wọ́n lórúkọ. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Lánàá ni mo gbọ́ pé Àjọ ti mú ọjọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, àlejò pàtàkì ń bọ̀ nígbẹ̀yìn. Kó tó já ribọ́n àgbàdo, yóò kọ́kọ́ ṣí aṣọ lójú òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ Folúṣadé sí, nítorí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ yàrá orin náà. Ìgbà a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ní ìgbà ayé rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun dí ojú òrùlé tó ń jò, wọn ò dí i. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ kan òkúta mọ́ ara ògiri rẹ̀. Wọ́n sì ti ní kí àwọn ọmọ wá fi fèrè kí àlejò káàbọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á se àgbàdo náà fún wọn jẹ. Àgbàdo yẹn kan náà. Zubair ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dà á sínú àpò tuntun ni.

Nítorí náà, mi ò kọ èyí láti fi ṣe ìdárò nìkan. Àjọ Ọjọ́ Ọ̀la Èwe gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n kó òògùn sí yàrá yẹn, àti orúkọ ẹni tó ní kí Zubair panu mọ́. Kí wọ́n gbé wọn síwájú adájọ́, kì í ṣe síwájú pásítọ̀. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tún ìwé ikú obìnrin náà kọ, kí wọ́n sì kọ ohun tó pa á síbẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ rí dókítà láìdúró de ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹnikẹ́ni má sì dáná sábẹ́ ìkòkò kankan títí àwọn tó mọ̀ nípa májèlé á fi yẹ àgbàdo náà wò.

Bí Àjọ bá ní kò séwu nínú rẹ̀, kò le. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ tó fura sí fún ọmọ ọlọ́mọ, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ìyá ọmọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti Hàjàrá àti ìyá gbogbo àwọn ọmọ tí Folúṣadé tò sábẹ́ igi dárà máa wà níbẹ̀. Kí wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Dominic, kí wọ́n gbé èkejì fún àlejò pàtàkì. Kí wọ́n jẹ ẹ́ tán.